Wytske, Ẹni Tó Ń Kí Gbogbo Ọkọ̀

Wytske Algra kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ yéni, torí pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa òṣìṣẹ́ lásán fẹ́ràn láti sọ wọ́n di ẹni mímọ́. Wytske lágídí, ó máa ń ṣòfófó, kò sì ní gbàgbé ẹni tó bá kọjá lábẹ́ afárá rẹ̀ láì kí i. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi wà ní Eastersyl, nínú yàrá onígíláàsì kékeré kan tó wà lórí afárá, tó ń ṣí afárá fún ọkọ̀ tí òpó ìgbòkun rẹ̀ ga, tó sì ń pa á dé fún àwọn tó ń gba orí ilẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ti irin tó ń gbé afárá sókè. Tí irin náà bá ti wọlé, afárá á máa lọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ Wytske á sì ṣófo. Ọwọ́ òfo yìí ló fi ń kí ọkọ̀.

Ìkíni yìí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa. Ará Fríslánd, ìpínlẹ̀ olómi tiwa yìí, lè jókòó ti aládùúgbò rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láì sọ gbólóhùn méjì, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ máa kọjá, kí ẹni tó dúró létí omi má na ọwọ́ sókè, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọ́n á dárúkọ rẹ̀ níbi ìsìnkú onítọ̀hún.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó gbà wá síṣẹ́ ti yàrá onígíláàsì náà pa. Wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń ṣí afárá lọ sínú gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Wọ́n gbé kámẹ́rà sórí àwọn afárá. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wo afárá mẹ́rin lójú tẹlifíṣàn, tó ń gbọ́ ohùn àwọn awakọ̀ lórí rédíò, tó sì tún ń ṣọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti katakata tó dúró sẹ́yìn ọ̀pá ìdènà. Ìtẹ̀síwájú ni wọ́n pè é. Èmi náà wà níbẹ̀. Bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ru ẹrù ni mo kà gboyè ní yunifásítì, iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí mi sì bá mi wá ni kí n jókòó sí tábìlì tó tẹ̀lé ti Wytske, kí èmi náà máa ṣí afárá.

Kò sí irin nínú gbọ̀ngàn náà. Bọ́tìnnì ló wà níbẹ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ tí o ò gbé ìka kúrò, afárá á máa gbéra. Tí o bá gbé ìka kúrò, afárá á dúró síbi tó bá dé, ó sì di ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti yẹ ara rẹ̀ wò tán kó tó tún gbéra. Ìdí rẹ̀ mọ́gbọ́n dání: tí òṣìṣẹ́ bá dákú, afárá ò ní lè máa lọ láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì pupa tó ń dá gbogbo nǹkan dúró ni òfin ní kó wà. Mi ò bá bọ́tìnnì jà. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó rò pé ọwọ́ tó ti ń kí ọkọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún lè gbàgbé ìkíni láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó sì fi afárá mẹ́ta kún ti àkọ́kọ́ kí ìgbàgbé náà lè tètè yá.

Ọkọ̀ ẹrù Wopke ló kọ́kọ́ tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wopke ti ń gba Eastersyl kọjá láti ìgbà tí irun wà lórí rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ afárá, ó gbójú sókè, ó na ìka kan bí ó ti máa ń ṣe. Nínú gbọ̀ngàn, Wytske na ọwọ́ padà sí tẹlifíṣàn. Afárá dúró láàárín méjì.

Sjirk, tó jókòó sí òdìkejì, tí òun àti Wytske jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Wytske, afárá ẹ ti ká apá sókè. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀.”

“Panu ẹ dé, Sjirk.”

“Ta lo tún ń kí?”

“Wopke.”

“Wopke ò rí ẹ. Wopke wà lójú omi, ìwọ wà nínú ihò.”

“Ṣé mo sọ pé ó rí mi ni? Ó kí mi.”

Rédíò dáhùn. Ohùn Wopke ni. “Wytske, ṣé afárá yìí ń ronú ni? Òpó ọkọ̀ mi ò lè bẹ̀rẹ̀ o.”

Halbe, ọ̀gá gbọ̀ngàn, tó kéré sí Wytske dáadáa, rìn wá pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun lẹni tó gbà pé ìṣòro tí èèyàn bá ti lẹ bébà mọ́ ti tán. Lọ́jọ́ kejì, bébà kan wà lórí tábìlì Wytske: FỌKÀN SÍ IṢẸ́.

“Ẹ ti rí i, àbí?” ló bi í.

“Mo ti rí i. Ọkàn mi wà níbẹ̀, Halbe. Ọwọ́ mi ni kò sí níbẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé afárá kan péré ni ọkọ̀ wà, ọwọ́ Wytske á jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Tó bá di méjì, èjìká á mì díẹ̀. Tó bá di mẹ́ta, àwọn ìka tó kù á máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí bọ́tìnnì. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dà pọ̀, tí rédíò ń pè, tí katakata ń fun fèrè, ọwọ́ á fò sókè, Wytske fúnra rẹ̀ á sì wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Kò sí ohun àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Tí ẹrù bá pọ̀ lórí ọpọlọ, ohun tí a kọ́ kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́. Èyí tó pẹ́ jù lọ ló máa ń ṣẹ́kù. Bọ́tìnnì jẹ́ ti oṣù mélòó kan, ìkíni jẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún. Mo ṣàlàyé èyí fún Halbe. Ó ní ó dùn mọ́ òun láti gbọ́. Ó ní ṣé kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan?

Sjirk dán ọgbọ́n tirẹ̀ wò. Ó fi súkáàfù so ọwọ́ Wytske mọ́ apá àga, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ìka lè kan bọ́tìnnì. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ọwọ́ náà lọ, àga sì tẹ̀ lé e.

Ìdí tí gbogbo èyí fi ká Wytske lára ni pé ìdánwò ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá lè darí afárá mẹ́rin á dúró. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan láàárín pápá màlúù, níbi tí wọ́n ń kó bàtà òjò àti okùn sí, ibẹ̀ ni yóò wà títí ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì. Kò sí omi níbẹ̀. Kámẹ́rà tí a ń bú yìí, ó ṣì ń fi ọkọ̀ han Wytske. Ilé ìkẹ́rùsí ò ní fi nǹkan kan hàn án.

Ẹrù náà bá a dé ilé. Baukje, àbúrò rẹ̀, ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀ fún mi. Wytske dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ aago, kò sì gbé ìka kúrò. Aago ń dún, Baukje sáré wá ṣílẹ̀kùn, aago ń dún síbẹ̀.

“Yọ ìka ẹ, Àǹtí mi. Mo ti ṣílẹ̀kùn.”

“Kò tíì ṣí tán.”

Ó di ìgbà tí ilẹ̀kùn kan ògiri kó tó gbé ìka kúrò.

Nínú ilé, wọ́n ti to àga yípo bí a ti máa ń tò ó, olúkúlùkù pẹ̀lú kọfí àti ègé kéèkì kan lórí orúnkún. Ẹni tó bá wọlé á lọ yíká, á bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á kí wọn kú oríire ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí. Wytske bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó kí ọkọ Baukje, ó kí ìyá ọkọ, ó kí àwọn aládùúgbò, ó dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Ó ń lọ. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun, torí pé kò bójú mu lọ́dọ̀ wa láti dá ẹni tó ń kíni lẹ́kun. Ìyá ọkọ Baukje, obìnrin arúgbó tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ọmọ mi, èmi kọ́ ni wọ́n bí lónìí. Jókòó.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Wytske náà rẹ́rìn-ín. Ó dé ilé ìdáná, ẹ̀rín náà tán lójú ẹ̀.

“Tí mi ò bá yege, Baukje, àárín màlúù ni wọ́n ń gbé mi lọ. Màlúù ni mo máa máa kí.”

“Màlúù ò ní ní kó o ṣí nǹkan kan.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

Apá méjì ni ìdánwò náà ní. Èkíní wà nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú afárá àwòrán, omi àwòrán àti ọkọ̀ àwòrán. Wytske ṣe é bí ẹni ń mu omi. Ó ṣí, ó pa dé, kò kọsẹ̀ rárá. Halbe gbé kéèkì ọsàn oníkírímù wá, ó ní òun ti mọ̀ pé bébà yẹn máa ṣiṣẹ́.

“Ta lo kí?” ni Sjirk bi í, pẹ̀lú kéèkì lẹ́nu.

“Kò sí èèyàn kankan nínú ọkọ̀ yẹn. Ọkọ̀ òkú ni.”

Òótọ́ ni. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà ya ìgbòkun, wọ́n ya ìgbì omi, wọ́n ya ẹyẹ omi tó ń fò kọjá. Wọn ò ya ẹnì kan sídìí ọkọ̀. Wọ́n yọ èèyàn kúrò nínú iṣẹ́ náà tán, wọ́n wá wọn bí iṣẹ́ náà ṣe nira tó, wọ́n rí i pé kò nira. Ẹni tó ṣe ìṣirò yìí gba oyè lórí rẹ̀. Mo mọ̀, yunifásítì kan náà la lọ.

Apá kejì jẹ́ ti ojú omi gan-an. Halbe ló mú ọjọ́ rẹ̀, ó sì mú ọjọ́ tí oòrùn kọ́kọ́ ràn lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ tí gbogbo ohun tó bá lè léfòó ní Fríslánd jáde. Gerbrich Terpstra, obìnrin tó wá dán an wò, jókòó sẹ́yìn Wytske, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ òfin náà jẹ́jẹ́. “Ẹ ṣe é bí ẹ ti máa ń ṣe é. Tí afárá bá dúró láàárín láìnídìí lẹ́ẹ̀kan, mo lè gbójú fò ó. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ó parí.”

Kò pẹ́ tí ẹ̀ẹ̀kan náà fi dé. Tọkọtaya arúgbó kan tí Wytske ti mọ̀ láti ọdún gbọọrọ yọ nínú ọkọ̀ onígi. Ìyàwó gbé gbogbo apá sókè. Ọwọ́ Wytske fò. Afárá dúró, katakata kan fun fèrè.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni Gerbrich bi í.

“Wọ́n kí mi.”

“Wọn ò rí yín, ìyáàfin.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn.”

Afárá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn Wytske tó ń pọ́n. Halbe dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife kọfí síwájú ẹnu, kò mu. Wopke sì tún dé, tayọ̀tayọ̀: “Wytske, kú iṣẹ́ o. Èmi ló kàn báyìí.”

Wytske pa gbogbo afárá dé, ó mú kí gbogbo iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú omi di pupa, ó sì tẹ bọ́tìnnì rédíò tí gbogbo ọkọ̀ máa ń gbọ́.

“Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú omi, Wytske ni. Wọ́n ń dán mi wò lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí mi. Ẹni tó bá kí mi, àárín màlúù ló ń tì mí lọ.”

Wopke ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ṣé a lè wò ọ́?”

“Iwájú yín ni kẹ́ ẹ wò.”

“Ó ti yé wa.”

Gerbrich yíjú sí Halbe. “Ṣé ẹ gba irú èyí láyè níbí?”

Halbe ronú. Èmi ò rí i kó ronú bẹ́ẹ̀ rí. “Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́,” ló wí, “pé ó pọn dandan kí awakọ̀ kí wa.”

Bí àwọn ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá nìyẹn. Wopke ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó fi ìbàdí darí ọkọ̀, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Bàbá kan di ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mú bíi pé ó ń kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin kan tí kò gba ibẹ̀ kọjá rí láì kí ni yí ẹ̀yìn sí kámẹ́rà pátápátá, ọkọ rẹ̀ náà yí ẹ̀yìn, kò wá sẹ́ni tó ń wo ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Gbogbo odò dà bí ìsìnkú ẹni tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ràn. Sjirk dojú bo tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Gerbrich fi ọwọ́ bo ẹnu. Wytske nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí, ó ń pa dé, ìka rẹ̀ funfun lórí bọ́tìnnì.

Ó ku díẹ̀ kí àkókò pé nígbà tí ọkọ̀ àyálò kan yọ níwájú afárá kẹta. Àwọn ará Jámánì ni, àwọn tó wá lo ìsinmi. Wọn ò tan rédíò. Afárá ti ń gbéra. Ní ìkíní, ẹnì kan ń pariwo pé atẹ́gùn ń gbé òun lọ sára ògiri. Ní ìkẹrin, oníkẹ̀kẹ́ kan ń wá bó ṣe máa gba abẹ́ ọ̀pá ìdènà. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan tó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ òféfèé ti dìde níwájú ọkọ̀ àyálò náà, ó rí kámẹ́rà, inú rẹ̀ dùn, ó tú súkáàfù ọrùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú lókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kámẹ́rà gan-an ló ń kí. Kò sẹ́ni tó kí Wytske bẹ́ẹ̀ rí, kódà ní Eastersyl.

Èjìká Wytske gbéra. Ìgúnpá tẹ̀ lé e. Sjirk dìde. Ọrùn ọwọ́ náà ṣẹ́ po, àwọn ìka mẹ́rin gòkè, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lórí bọ́tìnnì bí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́gi. Ìkíni tó ń tì í kò sì dáwọ́ dúró. Ó rìn gba ara rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Lójijì, ẹsẹ̀ ọ̀tún Wytske ta sókè gbọngbọn lábẹ́ tábìlì. Bàtà rẹ̀ bọ́, ó fò, ó lọ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì Gerbrich.

Afárá ń lọ. Kò dúró. Ó lọ títí ó fi ṣí tán, ìyá àgbà aláwọ̀ òféfèé kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú súkáàfù rẹ̀ lókè.

“Bàtà yín, ìyáàfin,” ni Gerbrich wí.

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mi ò tíì pa afárá dé.”

Ó pa á dé. Ó fi ẹni tí atẹ́gùn ń gbé lọ́kàn balẹ̀, ó fi gbohùngbohùn bá oníkẹ̀kẹ́ náà wí títí ó fi padà sẹ́yìn ọ̀pá. Lẹ́yìn náà ni àkókò pé. Gerbrich bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà náà, ó gbé e fún un.

“Ẹ ti yege. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, báwo ni ọgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ṣe wá sí yín lọ́kàn?”

“Kò wá sí mi lọ́kàn,” ni Wytske wí, ó ń wọ bàtà. “Ọkàn mi ti kún.”

Halbe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ó ti hàn gbangba báyìí pé afárá mẹ́rin ò pọ̀ jù fún ẹnì kan. Mo ka ìròyìn náà. Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Kò sí odindi odò tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò kí obìnrin kan lè ráyè ronú. Ẹni tó bá kà á lókè lọ́hùn-ún á máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí kò lè jẹ́ márùn-ún.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Wytske ò tíì gbọ́ nípa ìròyìn kankan. Ó tẹ bọ́tìnnì rédíò.

“Wytske ni. Ó ti parí. Ẹ lè máa kí mi padà.”

“Ṣé o yege?” Wopke ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé adágún nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn.

“Mo yege.”

A ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń lù.

“Ó lè burú ju báyìí lọ,” ni Wopke wí.

Lọ́dọ̀ wa, kò sí oríyìn tó ju ìyẹn lọ. Wytske yíjú sí ògiri, ó sì pẹ́ kó tó yí i padà.